Ike aláwọ̀ mẹ́wàá fún ọmọ tí ìwé ń dàrú mọ́ lójú: ṣé ó tó owó rẹ̀?

Bí ọdún ilé-ìwé bá ti fẹ́ wọlé ní Oṣù Kẹsàn-án, tí àwọn òbí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí èkejì l'Ọ́jà Wandó nítorí kàyé, bíìkì àti àpò, ẹrù kan wà tí wọ́n máa ń fi lọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò rí ìwé kà. Àpò ike pẹlẹbẹ aláwọ̀ ni, òkè òkun ni ó ti ń wá. Ike mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí a máa gbé e lé ojú ìwé, pé lẹ́tà yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́, ọmọ yóò sì máa kà geere. Àwa kò ní fi ìdájọ́ wa pamọ́ dé ìsàlẹ̀: nínú gbogbo ohun tó wà nínú àpò náà, páálí dúdú tí wọ́n gé fèrèsé sí láàárín ló wúlò jù, páálí yẹn sì rèé, ẹ lè gé e fúnra yín nílé. Ike fúnra rẹ̀ lè tu ojú àwọn ọmọ kan lára. Kò lè kọ́ ọmọ kankan ní lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ kí a tú àpò náà wò ná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ike tó bébà A4: ìbú rẹ̀ jẹ́ 21 cm, gígùn rẹ̀ 29.7 cm. Yẹ́lò wà níbẹ̀, osàn, pupa, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ ewé oríṣi méjì, búlúù oríṣi méjì, elése àlùkò àti àwọ̀ eérú. Ojú kan ike náà ń dán, ojú kejì kò dán. Bébà ìlànà inú àpò kò sọ ojú tó yẹ kó wà lókè, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ojú tí kò dán ni kó wà lókè, nítorí pé bí èyí tó ń dán bá wà lókè, iná gílóòbù tàbí ojú fèrèsé yóò hàn lórí rẹ̀ bí ẹni wo dígí, ọmọ yóò sì máa yí orí kiri láti sá fún un. Ṣùgbọ́n ojú tí kò dán náà ní àléébù tirẹ̀: àfi kí ike lẹ̀ mọ́ bébà pátápátá. Ìwé tó nípọn máa ń wú ní àárín níbi tí wọ́n ti dì í. Ike kì í lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, lẹ́tà ibẹ̀ a sì ṣú bí ohun tí kùrukùru bò. Ẹ tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀ dáadáa, tàbí kí ẹ gé ike sí méjì kí ó má baà kan àárín.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1980, Olive Meares, olùkọ́ kan ní New Zealand, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tó ń sọ pé funfun bébà ń gún àwọn lójú, pé lẹ́tà ń mì. Ní 1983, Helen Irlen ní California gbé irú ọ̀rọ̀ kan náà jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike àti awò ojú aláwọ̀ ṣe ìwòsàn rẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sọ kì í ṣe irọ́. Bébà funfun tó ń dán lè gún ẹnikẹ́ni lójú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé wọ́n sọ ìtura ojú di oògùn àìmọ̀wékà. Ní 2009, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé àti ti àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà pa ẹnu pọ̀ pé kò sí ẹ̀rí tó múná dóko pé ike aláwọ̀, awò ojú aláwọ̀ tàbí eré ìdárayá ojú ń wo dyslexie, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà tí kì í ṣe ti àìlọ́gbọ́n. Ìdí rẹ̀ ni pé gbòǹgbò dyslexie wà níbi tí ọpọlọ ti ń so ìró pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Ojú lè rí lẹ́tà náà kedere kí ìró rẹ̀ má wá.

Ẹ lè yẹ èyí wò láìná kọ́bọ̀. Ẹ jókòó ti ọmọ náà láìsí ìwé, kí ẹ lo èdè tó ń sọ nílé, ì báà jẹ́ Ànàgó, ì báà jẹ́ Ègùn. Ẹ ní kí ó pe "bàtà", kí ó tún un pè láìsí "bà". "Tà" ni ó yẹ kó kù. Ẹ bi í pé nínú bàbá, bọ́ọ̀lù àti màlúù, èwo ni kò bá àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Bí ìyẹn bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ mú èyí tó le wá: bí a bá yọ ìró àkọ́kọ́ kúrò lára "bá", kí ló kù? "Á" ni. Ẹ ṣe àpẹẹrẹ méjì mẹ́ta fún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye tó gbà, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ ìbéèrè kì í ṣe ọmọ tó kùnà. Ọmọ tó ti parí CI, kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yẹ kó lè ṣe méjì àkọ́kọ́, kí ó sì máa ṣe ìkẹta bọ̀ bọ̀. Bí ó bá ń ṣì í léraléra, bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé kankan níwájú rẹ̀, ojú kọ́ ló ń dà á láàmú. Ike mẹ́wàá, ike ogún, kò sí èyí tó máa ràn án lọ́wọ́. Eré ìró ni kí ẹ máa bá a ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́, kí lẹ́tà sì máa tẹ̀ lé ìró lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí náà sì wà: ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún kò ní gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín "b" àti "p" dáadáa.

Ohun kan tún wà tí àpò láti òkè òkun kò lè mọ̀. Fàránsé ni ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ ń kà ní CI. Nínú Fàránsé, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ ìró "o" kan ṣoṣo: o, au, eau. Lẹ́tà méjì ni "ou", ìró kan ni. Ọmọ tó mọ omi kó tó mọ "eau" ń kọ́ èdè, ó sì ń kọ́ lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ní èdè ilé rẹ̀, kí ẹ kọ mẹ́wàá ní Fàránsé, kí ẹ rí i dájú pé lẹ́tà tó ti kọ́ nìkan ló wà nínú méjèèjì. Bí ó bá ka ti ilé dáadáa tó sì ń kọsẹ̀ nínú ti Fàránsé, àìgbọ́ èdè ni, ẹ má tíì pè é ní aláìsàn.

Lẹ́tà yíyí padà ni ó ń bá àwọn òbí lẹ́rù jù, òun náà sì ni àwọn tó ń ta ike ń tọ́ka sí: "ẹ wò ó, ó ń rí b bíi d." Kò rí i bẹ́ẹ̀. Àdá tó kọjú sọ́tùn-ún àti àdá tó kọjú sósì, àdá ni méjèèjì. Láti ìgbà tí ọmọ ti dáyé ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń kọ́ pé ìhà tí nǹkan kọjú sí kì í pa orúkọ rẹ̀ dà. Lẹ́tà nìkan ló dé tó ní b kì í ṣe d, p kì í ṣe q. Títí di bí ọmọ ọdún méje, irú àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe. Ní ilẹ̀ Benin, a tún ní tiwa kún un: ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ń lo ɔ àti ɛ, bẹ́ẹ̀ ɔ jẹ́ c tó kọjú sódì, ɛ sì jọ 3 tí a yí padà. Ọmọ Kétu tí ìwé ti ìhà Nàìjíríà tún ń kọjá sí lọ́wọ́ yóò bá ọ àti ẹ pàdé fún ìró kan náà. Ike kò tún èyí ṣe, nítorí àwọ̀ kò yí ìrísí lẹ́tà padà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a má kọ́ b àti d pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹ jẹ́ kí b kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lára, kí ó mọ̀ pé ètè ń pa dé kí b tó jáde. Lẹ́yìn náà ni d, tí ahọ́n ń kan ẹ̀yìn eyín. Ọmọ tó tún ń lọ ilé kéú lọ́sàn-án ń ka Lárúbáwá láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ fi bíìkì aláwọ̀ ewé kán àmì kékeré sí apá òsì gbogbo ìlà inú ìwé Fàránsé rẹ̀, kí ojú mọ ibi tí yóò ti gbéra.

Àìsàn ojú tó ń dí ìwé kíkà lọ́wọ́ wà ní tòótọ́, ibí yìí sì ni àpò náà ti lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Ọmọ tó ń pa ojú kan dé bó bá ń kàwé, tó ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń fo ìlà, tí orí ń fọ́ lẹ́yìn ìwé ṣùgbọ́n tí kì í fọ́ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan di méjì: dókítà ojú ni kó lọ rí. Bí ẹ bá gbé ike búlúù fún un, ó lè sọ pé ó dára, nítorí ọmọ fẹ́ràn ohun tuntun, oṣù mẹ́fà yóò sì kọjá. Ojú kan tó ń sùn lé ojú kejì lọ́wọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni: kí ọmọ tó pé ọdún méje ni ìtọ́jú rẹ̀ ń rọrùn jù. Ẹ bo ojú kan lẹ́yìn èkejì, kí ó ka lẹ́tà kéékèèké fún yín. Bí ó bá ń sunkún tàbí tó ń já ọwọ́ yín dànù nígbà tí ẹ bo ọ̀kan pàtó, ojú yẹn ni ó gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí pátákó lẹ́tà ara ògiri fi yín lọ́kàn balẹ̀. Mítà 6 ni wọ́n ń dúró sí láti kà á, ọ̀nà jíjìn ló ń dán wò. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ń tiraka nítòsí lè kà á tán láìṣì, kí ó wá rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìlà márùn-ún nínú ìwé. Ẹ sọ fún dókítà pé ìwé kíkà ni ẹ bá wá. Ó lè kán oògùn tó ń jẹ́ cyclopentolate sí i lójú, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 sí 45 kí ó tó wọn ojú náà. Ọmọlójú yóò là gbòò, oòrùn yóò máa gún un, kò sì ní rí ìwé kà dáadáa títí di ọjọ́ kejì. Ẹ mú fìlà etí gbígbòòrò dání, kí ẹ má sì lọ ní ọjọ́ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀.

Àyẹ̀wò bíìkì ni èyí tí ẹ lè ṣe nílé. Ẹ gbé ṣóńṣó bíìkì sí 40 cm níwájú ọmọ, kí ẹ máa fà á bọ̀ síbi imú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ó sọ ìgbà tó di méjì; kí ẹ̀yin náà máa wò ó bóyá ojú kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ọmọ mìíràn kì í rí méjì, ọpọlọ rẹ̀ a ti pa ojú kan tì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá ń yà kí bíìkì tó dé 10 cm, pàápàá bí ó bá ń jìnnà sí i bí ẹ ti ń tún un ṣe, ojú méjèèjì kò pàdé pọ̀ dáadáa nítòsí. Èyí ní ìtọ́jú. Ìwádìí Amẹ́ríkà kan tí wọ́n gbé jáde ní 2008, tí ọmọ 221 wà nínú rẹ̀, fi hàn pé ọ̀sẹ̀ 12 ìdárayá lọ́dọ̀ oníṣègùn ju fífà bíìkì bọ̀ ní imú nílé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá wo ìwé kíkà fúnra rẹ̀ nínú ìwádìí mìíràn ní 2019, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, òye ohun tí àwọn ọmọ náà ń kà kò ju ti àwọn tí wọ́n fún ní ìdárayá asán lọ. Ẹ tọ́jú ojú nítorí orí fífọ́ àti ìran méjì. Ẹ má dá ìkọ́ni lẹ́tà dúró dè é.

Bí gbogbo èyí bá ti kọjá, tí ẹ sì ṣì fẹ́ dán ike wò, ẹ dán an wò bó ti yẹ. Ìlànà inú àpò ní kí ọmọ ka ojú ìwé kan láìsí ike, kí ó tún un kà pẹ̀lú ike. Ọ̀nà yẹn kò dára: ẹni tó bá ka nǹkan lẹ́ẹ̀kejì yóò yára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ike ì báà wà tàbí kó má sí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú 15 tí ọmọ mọ̀ bí ẹni mowó, ilé, ajá, omi, wá, lọ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ da ètò wọn rú lórí ìlà mẹ́wàá, kí gbólóhùn má jáde nínú rẹ̀. Ẹ ṣe irú bébà bẹ́ẹ̀ mẹ́rin, kí ètò ọ̀kan má jọ ti èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ yan àwọ̀: ẹ tẹ́ ike méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bébà, kí ọmọ mú èyí tó tù ú lójú, kí ẹ gbé òmíràn ti èyí tó mú, títí yóò fi ku ọ̀kan. Ó wá di kíkà, ìṣẹ́jú kan fún bébà kọ̀ọ̀kan: láìsí ike, pẹ̀lú ike, pẹ̀lú ike, láìsí ike. Ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó pè dáadáa nìkan. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi ike tí kò ní àwọ̀ rárá rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bo kàyé, kí ẹ sì sọ fún un pé òun náà dára.

Ọmọ tó ka 40 láìsí ike tó wá ka 42 tàbí 43 pẹ̀lú rẹ̀ kò tíì jèrè nǹkan kan. Bí èémí ṣe ń ga tó sì ń lọ sílẹ̀ ni iye náà ń ṣe. Bí ó bá ń ju 46 lọ ní gbogbo ìgbà, tí ike aláìláwọ̀ kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, ẹ jẹ́ kó máa lò ó. Ẹ tún un dán wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí dídùn ohun tuntun kì í pẹ́. Alẹ́ tí ọmọ ti rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ fi ṣe àyẹ̀wò yìí, kí ẹ má sì máa pàtẹ́wọ́ fún ike.

Àkíyèsí kan wà fún ẹni tó ń ka Yorùbá olóhùn. Ike elése àlùkò, pupa àti búlúù tó ki ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ jẹ. Lórí bébà tí yíǹkì rẹ̀ ti ṣá, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ni ó kọ́kọ́ ń pòórá, àmì ohùn tẹ̀ lé e, ọkọ̀ a wá jọ oko lójú ọmọ. Lálẹ́, bí iná bá lọ tí ẹ ń fi fìtílà kàwé, ẹ má lo èyíkéyìí nínú mẹ́ta yìí rárá. Yẹ́lò àti eérú kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku páálí tí a yìn lókè. Ẹ wá páálí dúdú tí kò dán, gígùn 20 cm, ìbú 6 cm. Ẹ gé fèrèsé 16 cm sí àárín rẹ̀, kí gíga rẹ̀ jẹ́ 1.5 cm fún ìwé CI tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, 1 cm fún CE1, kíláàsì kẹta. Ìlà kan ṣoṣo ni kó hàn. Bí ìdajì ìlà kejì bá ń yọjú, fèrèsé ti tóbi jù. Ọmọ tó ń fo ìlà yóò jèrè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí kò sí ibòmíràn tí ojú lè bọ́ sí. Bí ó bá ti ń kà láìdúró, ẹ gé ìsàlẹ̀ fèrèsé náà kúrò, kí páálí máa bo ohun tó ti kà nìkan, kí ojú lè máa yọ́ wo ìlà tó ń bọ̀. Ẹni tí kò gé e kúrò ń sọ ọmọ di ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Ẹ gbé ìwé náà dàgẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Pákó 40 cm tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ní 14 cm tó. Bí ọmọ kéú ṣe ń gbé wàláà lé itan náà nìyẹn, ọrùn rẹ̀ kì í tẹ̀ jù. Láti ìgbọ̀nwọ́ ọmọ dé oríkèé ìka rẹ̀ ni kó jìnnà sí ìwé. Olùkọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ iṣẹ́ fún ọmọ lè fi àyè kún àárín lẹ́tà. Ìwádìí lórí àwọn ọmọ Ítálì àti Fàránsé tó ní dyslexie ní 2012 fi point 2.5 kún àlàfo àárín lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà jẹ́ point 14. Àwọn ọmọ náà yára sí i, àṣìṣe wọn sì dín kù, láìkọ́ wọn ní nǹkan kan ṣáájú. Ohun tí kò náni lówó yìí ju ike lọ lójú tiwa.

Ta ni kó rà á, nígbà náà? Ilé-ìwé kan lè ra àpò kan ṣoṣo fún gbogbo kíláàsì, fún ọmọ tí bébà funfun ń gún lójú tí dókítà sì ti yẹ ojú rẹ̀ wò. Òbí tó wà ní Sábẹ̀ tàbí Kétu, tí owó ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú l'Ájàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu kò rọrùn fún, kí ó fi owó àpò náà kún owó ọkọ̀. Ẹni tó bá ti rà á ná, kí ó fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ ike, kí ó fi aṣọ tó rọ̀ nù ún, nítorí eruku ọyẹ́ ń ha á. Kí ó tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì tó le, kúrò níbi tí oòrùn lè mú un ká. Kí ó fa páálí dúdú yọ, kí ó wọn fèrèsé rẹ̀ mọ́ ìwé ọmọ; ìwé tí ìlà rẹ̀ há ni ti inú àpò bá mu, fún ìwé CI wa ó kéré jù.